Ọ̀nà Ifẹ̀ Gba Ìkirè Kọjá

Ṣòkòtò ni àbúrò mi fi kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Télọ̀ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Mọ̀kọ́lá, n'Íbàdàn. Láàárín oṣù mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tú ìbàdí ṣòkòtò ara rẹ̀ tó sì fi aṣọ kún un, bẹ́ẹ̀ ọrùn rẹ̀ ń tín-ín-rín, apá ẹ̀wù rẹ̀ sì ń gbò yọ̀ọ̀ lára rẹ̀. Ẹni tó ń wọn ara oníbàárà láti àárọ̀ di alẹ́ kò lè ṣàì rí i pé ara tòun fúnra rẹ̀ kò bára mu mọ́. Ó fa tépù yọ, ó wọn ìbàdí: 32 ti di 37. Ikùn náà kò sì rí bí ikùn ẹni tó ń sanra. Apá òsì nìkan ló le, ó wú láti abẹ́ egungun ìhà wá dé ẹ̀gbẹ́ ìdodo. Bó bá jẹ òkèlè mẹ́ta, á ní òun ti yó. Lóru, á làágùn débi pé ìyàwó rẹ̀ á dìde pààrọ̀ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan wà nítòsí ilé rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n ní ibà ni, táífọ́ọ̀dù sì wà nínú ẹ̀. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n di oògùn fún un, ó sanwó, ó lọ sílé. Inú mi ṣì ń bí mi sí i títí dòní. Ibà wà lóòótọ́, gbogbo wa la ti ṣe é rí. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìgbà tó lọ yẹn, kò sẹ́ni tó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n ka iye sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò tí kò gba wákàtí kan ni.

Ojú rẹ̀ ló gbé wa débẹ̀ níkẹyìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹwàá 2019, ó pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ kò dún bíi tiẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́." Ọmọ ọdún 34 ni nígbà yẹn.

Mo mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò náà pè mí wọlé, èmi nìkan. Ó mú gíláàsì tín-ín-rín kan tí kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ, ó gbé e sókè sí iná. Ó ti yí i nínú ẹ̀rọ, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ti tò ní ìpele ìpele. "Ẹ wò ó, mà. Ìsàlẹ̀ yìí ni ẹ̀jẹ̀ pupa. Òkè yìí ni omi ara. Láàárín méjèèjì, ìlà funfun kan máa ń wà níbẹ̀, bí òwú ló máa ń rí. Ẹ wá wo tiwọn." Ìlà funfun ti àbúrò mi kì í ṣe òwú. Ó ga bí etí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ po, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó pupa fúnra rẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò tó ẹ̀kán kan, 4,000 sí 11,000 ni sẹ́ẹ̀lì funfun, àwọn ẹyọ tíntìntín tó kóra jọ di ìlà yẹn, máa ń jẹ́ lára ẹni tí ara rẹ̀ dá. Tirẹ̀ jẹ́ 296,000.

Nígbà tó yá ni mo kà á pé ní Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1847, dókítà kan tó ń jẹ́ Rudolf Virchow fi èdè Gíríìkì sọ àìsàn náà, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, ní leukemia, ohun tó sì túmọ̀ sí ni ẹ̀jẹ̀ funfun. Orúkọ náà kò yà mí lẹ́nu. Mo ti fi ojú mi rí i nínú gíláàsì.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a ti wà nílé ìwòsàn ńlá. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn fa mùdùnmúdùn láti inú egungun ìbàdí rẹ̀, mo sì dì í lọ́wọ́ mú. Dókítà tó wá bá wa sọ̀rọ̀ kéré lọ́jọ́ orí sí mi, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Kò dúró lórí wa. Ó fa àga, ó jókòó, ó wá bi àbúrò mi pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Nígbà tó gbọ́ pé télọ̀ ni, ó ní, "Ó dáa. Ká ní ẹnìkan gé etí aṣọ méjì kúrò, ó wá rán etí ti àkọ́kọ́ mọ́ ara èkejì, ó rán ti èkejì mọ́ ara àkọ́kọ́. Nínú mùdùnmúdùn egungun yín, nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn." Ó ní nínú sẹ́ẹ̀lì wa, okùn tí wọ́n kọ gbogbo àṣẹ ara sí wà, wọ́n sì ní nọ́ńbà. Èyí tó jẹ́ 9 àti èyí tó jẹ́ 22 ló pààrọ̀ etí. Ojú ibi tí wọ́n ti rán wọn pọ̀ ní òdì yẹn ló ń pàṣẹ tọ̀sán-tòru pé kí sẹ́ẹ̀lì funfun máa pọ̀ sí i. Ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1960, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i pé ọ̀kan nínú okùn náà kúrú ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 1973, obìnrin kan tó ń jẹ́ Janet Rowley ló rí i pé pípààrọ̀ ni wọ́n pààrọ̀ etí, kì í ṣe pé ó kàn já sọnù.

Àbúrò mi mi orí. Nínú gbogbo wa, òun ló yé jù.

Ìyàwó rẹ̀ kò bèèrè nípa okùn kankan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi dókítà: "Ṣé àwọn ọmọ mi máa ní in?" Dókítà ní rárá, àìsàn yìí kì í ṣe àjogúnbá, kì í sì í ràn. Ìgbà yẹn ni obìnrin náà tó mí kanlẹ̀.

Oríṣiríṣi ni jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó ń sáré wà, tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ẹni tó ní in ní láti fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, irú rẹ̀ ló sì sábà máa ń mú àwọn ọmọdé. Èyí tó ń yọ́ rìn wà, tó lè wà lára fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó fara hàn. Èyí tó ń yọ́ rìn ni ti àbúrò mi, wọ́n ń pè é ní CML, ìyẹn chronic myeloid leukemia. Ẹni tó bá ń ka èyí torí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún èèyàn rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè irú tó jẹ́. Gbogbo nǹkan tó kù, ìtọ́jú, owó, ìrìnàjò, orí ìdáhùn yẹn ló dúró lé.

Ìròyìn náà tàn kálẹ̀ kí n tó rí ààyè jókòó. Ilé kún. Àwọn kan mú ọsàn wá, àwọn kan mú malt wá, tí ẹni tí wọ́n mú un wá fún kò lè jẹ ju òkèlè mẹ́ta lọ. Bàbá kan nínú ẹbí ní ọwọ́ ayé ni, pé ẹni tó ń jowú ṣọ́ọ̀bù ló ṣe é. Ẹlòmíràn gbé àgbo lítà méjì wá láti Ọ̀yọ́. Mi ò bá wọn jà. Ìfẹ́ ló gbé wọn wá, ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ sì ni wọ́n tọ̀. Mo gba àgbo náà, mo dúpẹ́, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì sọ fún dókítà lọ́jọ́ kejì. Ó ní kí a má fún un, torí pé ẹ̀dọ̀ kan náà ló máa yọ́ àgbo, òun náà ló máa yọ́ oògùn, ìkan sì lè da ìkejì rú. Àgbo yẹn wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù títí tó fi kan.

Àbúrò wa obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń pe fóònù láràárọ̀. Ohun tó ń bèèrè ni bóyá kí òun wá fi mùdùnmúdùn egungun sílẹ̀. Dókítà ṣàlàyé pé láàárín ọmọ ìyá ọmọ bàbá, ìdá kan nínú mẹ́rin ni àǹfààní pé ti ẹnìkan máa bá ti èkejì mu, àti pé irú àìsàn tó ń ṣe tiwa yìí ní oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbìyànjú ná. Síbẹ̀, ó lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lè fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun gbọ́ nípa ẹgbẹ́ ACLT, tí òbí ọmọ kan tí leukemia ń bá jà dá sílẹ̀ ní 1996 nítorí pé àwọn aláwọ̀ dúdú tó forúkọ sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéré púpọ̀. Ó ní bí òun kò bá lè ran tiwa lọ́wọ́ láti ibẹ̀, òun á ran ti ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹnìkan wà tí kò mọ nǹkankan. Màámi.

Èmi ni àkọ́bí. Èmi ni mo pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wọn. Ìkirè ni Màámi ń gbé, ẹ̀bá títì ni wọ́n ti ń din dòdò Ìkirè tà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rà, ata, iyọ̀, epo pupa, tí wọ́n á din ín títí á fi dúdú. Ọdún 68 ni wọ́n nígbà yẹn, ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn. Mo ní bí wọ́n bá gbọ́ "jẹjẹrẹ", a máa ní aláìsàn méjì. Gbogbo ẹbí fara mọ́ ọn. Bí wọ́n bá pè, àbúrò mi á ní iṣẹ́ pọ̀, oníbàárà ń dúró, òun á pe wọ́n padà.

Ilé-Ifẹ̀ ni dókítà kọ̀wé rán wa lọ, sí OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Obafemi Awolowo, tó wà lójú ọ̀nà Iléṣà. Ìdí tó fi jẹ́ Ifẹ̀ nìyí. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ imatinib, tí orúkọ ìtajà rẹ̀ ń jẹ́ Glivec. Kò dà bí oògùn jẹjẹrẹ àtijọ́ tó ń lu gbogbo ara pọ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti rán aṣọ méjì yẹn pọ̀ ní òdì gan-an ló ń lọ dí, kó má lè pàṣẹ mọ́. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní Oṣù Karùn-ún 2001. Hóró kan tó jẹ́ 400 mg ni wọ́n ń lò lójúmọ́. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe lé e lórí, lẹ́yìn bí ọdún 10, nǹkan bí 83 nínú 100 ló ṣì wà láàyè. Kí oògùn yìí tó dé, ọdún díẹ̀ péré ni wọ́n máa ń kà fún ẹni tó bá ní irú àìsàn yìí. Ṣùgbọ́n oògùn náà wọ́n. Bí a bá ní ká máa rà á, ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ìránṣọ àti ilẹ̀ tí a pín lọ́wọ́ Bàbá wa kò ní tó ọdún kan. Láti 2003 ni àwọn dókítà Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn ní oògùn yìí lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ ètò tí Novartis tó ń ṣe é àti Max Foundation gbé kalẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi wà lára àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn gbé e dúró níbẹ̀. Max tí wọ́n fi sọ àjọ náà lórúkọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, tí àìsàn yìí pa kí oògùn tó dé.

Ṣùgbọ́n láti Ìbàdàn, ọ̀nà Ifẹ̀ gba Ìkirè kọjá.

Ní àkọ́kọ́ tí a lọ, nínú Oṣù Kọkànlá, ọkọ̀ tí a wọ̀ ní Ìwó Road dúró ní Ìkirè kí àwọn èrò ra nǹkan. Àwọn olùtajà sáré wá síbi fèrèsé: "Dòdò Ìkirè rè é o! Ó gbóná o!" Mo fa ìborùn bo ojú. Àbúrò mi tẹrí ba, ó fi fìlà bo iwájú. Mo rí àwo Màámi láti inú ọkọ̀. Mo rí ẹ̀yìn wọn, wọ́n ń yí dòdò nínú epo, iró àdìrẹ tí mo rà fún wọn ní ọdún Kérésì ni wọ́n ró. Ọkọ̀ gbéra. Àbúrò mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Gbọ́ngán.

Lórí bẹ́ǹṣì Ifẹ̀, a bá àwọn èèyàn tí wọ́n wá láti gbogbo igun Nàìjíríà. Ẹnìkan ti sùn sínú ọkọ̀ ní alẹ́ méjì. Bàbá Haúsá kan tó ń ta àlùbọ́sà jókòó tì wá, ó ní ọdún mọ́kànlá rèé tí òun ti ń lo hóró náà. Ọdún mọ́kànlá! Àbúrò mi wò ó bí ẹni ń wo ẹni tó ti ọ̀run bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí bàbá yẹn sọ kò pọ̀. Ó ní kí ó jẹun kó tó lò ó, kí ó mu omi púpọ̀ lé e, kó má fo ọjọ́ kankan. "Ọjọ́ kan, má fò." Yorùbá rẹ̀ kò já geere, ṣùgbọ́n títí dòní, gbólóhùn yẹn la fi ń bára wa sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn télọ̀ báyìí, torí pé mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Ìgbà ìnáwó ni Oṣù Kọkànlá àti Oṣù Kejìlá n'Íbàdàn. Aṣọ ẹbí 23 ló wà nílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi, ó ti gba owó ìdajì wọn, ó sì ti ná an sí àyẹ̀wò. Ó dùbúlẹ̀, ohun tó ń dà á láàmú ju ikùn lọ ni ọjọ́ ìgbéyàwó àwọn oníbàárà. Alága ẹgbẹ́ télọ̀ àdúgbò wá kí i. Kò jókòó pẹ́. Ó bi í pé, "Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù dà?" Lọ́jọ́ kejì, ó kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ṣí ìwé tó kọ ìwọ̀n àwọn èèyàn sí, wọ́n pín aṣọ náà láàárín ara wọn. Ẹnìkan mú márùn-ún, ẹnìkan mú méjì. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ́ọ̀mù mú ẹyọ kan, ó ní ibi tí agbára òun mọ nìyẹn. Wọ́n fi òwú ara wọn rán an, wọ́n fi epo jẹnẹrétọ̀ ara wọn lọ̀ ọ́. Nígbà tí àwọn oníbàárà san owó tó kù, wọ́n dì í sínú àpò ìwé, wọ́n gbé e fún ìyàwó rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀. Ọgọ́rọ̀ èèyàn ló ti sọ fún wa pé, "Bí ẹ bá nílò ohunkóhun, ẹ pè mí." Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wàhálà bá kò ní okun tí yóò fi máa yẹ orúkọ wò nínú fóònù, kó máa ronú ẹni tó yẹ kó bẹ̀. Alága yẹn kò bèèrè ohun tí a nílò. Kọ́kọ́rọ́ ló bèèrè. Bákan náà ni obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lójúlé kejì: ó kàn dé láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó di àwọn ọmọ méjèèjì lọ́wọ́ mú lọ sílé ìwé pẹ̀lú tirẹ̀, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí tá-àmù náà fi parí.

Èyí àgbà nínú àwọn ọmọ náà, ọmọ ọdún méje, bi mí nínú kíṣínì pé, "Àǹtí ńlá, ṣé Dádì máa kú ni?" Mo ti fẹ́ sọ pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" kí n sì lé e lọ ṣeré. Mo jókòó sórí àpótí dípò bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ Dádì ń ṣàìsàn, pé oògùn rẹ̀ wà, pé ojoojúmọ́ ló máa lò ó, àti pé bí nǹkankan bá yí padà, èmi ni màá sọ fún un, kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó ní, "Ojoojúmọ́ títí dìgbà wo?" Mo ní, "Títí lọ." Ó rò ó díẹ̀, ó ní, "Bíi ká máa fọ eyín." Ó jáde lọ.

Ọmọ ọdún méje gbọ́ òótọ́ lẹ́nu mi. Ìyá tó bí aláìsàn kò gbọ́.

Ìyàwó rẹ̀ náà, mo ṣẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí omi lójú rẹ̀, mo máa ń sọ pé, "Ìyàwó mi, má sunkún, ìgbàgbọ́ la fi ń gbé e." Mo rò pé mò ń gbé e ró. Ní ọjọ́ kan, a jọ ń fọ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì, ó dá ọwọ́ dúró nínú omi ọṣẹ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sunkún. Mi ò lè sun ún níwájú rẹ̀, mi ò lè sun ún níwájú ọmọ, bí mi ò bá lè sun ún níwájú yín, ibo ni kí n gbé e lọ?" Mo jókòó tì í. Ó sun ún. Mo sun tèmi náà. A wá fún aṣọ náà, a sá a.

Nínú ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kìíní 2020, Màámi gbọ́. Oníbàárà kan láti Mọ̀kọ́lá dúró ra dòdò ní Ìkirè, ó mọ̀ wọ́n, ó sì ní, "Màmá, ẹ kú àìsàn ọmọ yín o, Ọlọ́run á wò ó sàn."

Wọ́n dé Ìbàdàn láàárín agogo mẹ́sàn-án alẹ́, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, òórùn epo ṣì wà lára wọn. Gbogbo wa kúnlẹ̀. Wọn kò pariwo. Ìwà wọn kọ́ nìyẹn. Wọ́n kọ́kọ́ lọ jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ní apá òsì gan-an, bí ẹni pé ẹnìkan ti júwe rẹ̀ fún wọn. Wọ́n bi í pé ìgbà wo la lọ Ifẹ̀. Ó sọ ọjọ́ náà. Wọ́n yíjú sí mi.

"Iwájú mi lẹ gbà kọjá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Mo ń din dòdò lẹ́bàá títì, ọkọ̀ tó gbé ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ dókítà dúró níwájú mi, ẹ jókòó sínú ẹ̀, ẹ ń wò mí."

Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ni mo rò. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́ ló bí i. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò tún mẹ́nu bà á mọ́. Lówùúrọ̀, wọ́n ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn, láti orí ṣòkòtò dé orí hóró oògùn, mo sì sọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí bàbá Haúsá ti ní kó jẹun kó tó lò ó, wọ́n dá mi dúró. "Aago mélòó ló ń lò ó?" Aago méjì ọ̀sán. "Ó dáa. Ìyẹn di tèmi."

Láti ọjọ́ náà, aago méjì kò tíì lù rí kí fóònù àbúrò mi má dún. Wọ́n á gbé ṣíbí ìdáná sílẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Wọn kì í bèèrè oògùn. Ohun tí wọ́n máa ń bèèrè ni pé, "Ṣé o ti jẹun?"

Ìgbà tí a nílò ìyẹn jù ni ìgbà tí ariwo ti lọ. Bí oṣù kẹta ìtọ́jú ti ń parí, àlejò dín kù, fóònù dákẹ́, kálukú padà sẹ́nu iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara rẹ̀ hàn. Ìpéǹpéjú rẹ̀ máa ń wú láàárọ̀. Iṣan ẹsẹ̀ á dì í lóru, á kígbe. Awọ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ojú àti ọwọ́, èyí tí oògùn yìí máa ń ṣe fún aláwọ̀ dúdú. Ní àdúgbò, wọ́n ní ó ń bóra. Wọ́n ní owó àìsàn tí a dá fún un ló fi ń ra ìpara. Ìyẹn dùn ún ju abẹ́rẹ́ inú egungun lọ. Ó ní òun fẹ́ dá oògùn dúró fún ọ̀sẹ̀ kan kí àwọ̀ òun padà. Ẹni tó bá ń fo oògùn yìí, àìsàn náà lè kọ́ bí yóò ṣe máa yẹra fún un. Gbogbo wa bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Aago méjì lù, fóònù dún, "Ṣé o ti jẹun?" Ó wò wá, ó gbé hóró náà mì.

Sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ ti wá sílẹ̀ sí 8,000 ní Oṣù Kejì. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó tú ṣòkòtò náà, ó yọ aṣọ tó fi kún un, ó rán an padà sí 32.

Ní òpin Oṣù Kẹta, kòrónà dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n fòfin de ìrìn alẹ́. Nígbà tó di Oṣù Karùn-ún, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Ọ̀yọ́ ni Ìbàdàn, Ọ̀ṣun ni Ifẹ̀. Oògùn oṣù mẹ́ta tí wọ́n fún un nínú Oṣù Kejì ku hóró mẹ́fà nínú ìgò. Mo pe Ifẹ̀. Wọ́n ní oògùn ti wà nílẹ̀, bí a bá lè rí ẹni tó wà ní Ọ̀ṣun kó wá pẹ̀lú nọ́ńbà káàdì rẹ̀, àwọn á fún un.

N kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí Màámi fi ní, "Ẹ fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí fóònù ọmọ alábàágbé mi."

Ọjọ́ tí hóró kẹfà tán, wọ́n jí lọ sí Ifẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mọ́tò gbé wọn wá sí ẹnubodè Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́, ọkọ̀ aládùúgbò sì gbé èmi àti àbúrò mi wá láti apá ibí. Àwọn ọlọ́pàá ti to àgbá sójú títì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá. Láti òdìkejì, mo rí Màámi, ìbòmú tí wọ́n fi àjákù aṣọ ẹbí rán wà lẹ́nu wọn, àbúrò mi ló rán an fún wọn. Ọlọ́pàá kan wo ọ̀dọ̀ wọn, ó wo ọ̀dọ̀ wa, kò bèèrè nǹkankan. Ó gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ wọn, ó gbé e gba àárín àgbá kọjá, ó gbé e fún àbúrò mi.

Aago méjì ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Màámi fa ìbòmú sílẹ̀, wọ́n kígbe láti òdìkejì: "Ṣé o ti jẹun?"

Ó ní rárá.

"Dòdò wà nínú ẹ̀. Jẹ ẹ́ ná."

Ó jókòó sórí irin ẹ̀bá títì, ó tú ìwé tí wọ́n fi wé dòdò náà, ó jẹ ẹ́ títí ó fi tán. Ó ṣí ìgò tuntun, ó fi píọ̀ wọ́tà inú ọ̀rá gbé hóró kan mì. Ó wá dìde, ó ya ẹnu rẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n lè rí i pé ó ti wọlé.